Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́: Ẹ ṣírò iná tí ilé yín ń jẹ kí ẹ tó ra sólà

Ọ̀rọ̀ iná la fẹ́ sọ lónìí. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín á máa wò ó pé kí ló kan nọ́ọ̀sì nínú ọ̀rọ̀ iná, ṣebí ọ̀rọ̀ ibà àti ẹ̀jẹ̀ ríru la jọ máa ń sọ. Ó kàn mí púpọ̀. Ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ alẹ́ ní ilé ìwòsàn rí mọ̀ pé iná wà lára ìtọ́jú. Inú fíríìjì ni abẹ́rẹ́ ínsúlíìnì ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà ń gbé. Iná ni ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fín oògùn fún ọmọ tó ní ikọ́ fée ń lò. Bí ooru kò bá jẹ́ kí àgbàlagbà sùn lóru, ẹ ó rí i lójú rẹ̀ bí ilẹ̀ bá mọ́.

Ohun tí ọ̀pọ̀ wa fi ń dí àlàfo NẸ́PÀ láti ọjọ́ pípẹ́ ni jẹnẹrétọ̀. Ẹ̀yin náà mọ wàhálà rẹ̀. Nínú èéfín rẹ̀ ni afẹ́fẹ́ olóró kan wà tí wọ́n ń pè ní carbon monoxide. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Bí èèyàn bá fà á símú, á gba àyè tó yẹ kí afẹ́fẹ́ rere wà nínú ẹ̀jẹ̀. Orí á kọ́kọ́ máa fọ́ onítọ̀hún, òòyì á máa kọ́ ọ, á fẹ́ bì, oorun á gbé e lọ, ó sì lè má jí mọ́. Bí ẹ kò bá tíì rówó ra nǹkan mìíràn, mo bẹ̀ yín, jẹnẹrétọ̀ kò gbọdọ̀ sí nínú ilé, kò gbọdọ̀ sí ní kọ́rídọ̀, ní fàráńdà tàbí lábẹ́ fèrèsé. Ẹni tí èéfín bá ti mú, ẹ gbé e síta níbi tí atẹ́gùn wà, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá.

Owó epo náà kò jẹ́ kí èèyàn lè tan jẹnẹrétọ̀ mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Láti ọjọ́ 29, oṣù karùn-ún, ọdún 2023 tí ìjọba àpapọ̀ ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti tán ni owó bẹntiróòlù ti fò sókè. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹwàá, ọdún 2024, ó ti tó ₦1,000 fún jálá kan ní ọ̀pọ̀ ibi. Iná NẸ́PÀ pàápàá kò rọrùn. Ní oṣù kẹrin, ọdún 2024, àjọ NERC tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iná gbé owó àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tí wọ́n ṣèlérí iná wákàtí 20 fún lójúmọ́, láti ₦68 lọ sí ₦225 fún yúníìtì kan. Wọ́n ti yí iye náà padà díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn ìgbà yẹn, ṣùgbọ́n kò padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ìdí nìyí tí gbogbo èèyàn fi ń gbójú sókè wo oòrùn. Ẹlòmíràn á yá owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ẹlòmíràn á kó àjọ, ẹlòmíràn á fi owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ra sólà.

Níbi rírà yìí ni ọ̀rọ̀ wà. Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tà á, ohun tí á kọ́kọ́ bi yín ni pé, "kVA mélòó lẹ fẹ́?" Ìbéèrè yẹn kọ́ ló yẹ kó ṣáájú. Télọ̀ tó mọ iṣẹ́ kì í bi wá pé yáàdì mélòó la fẹ́ kó tó wọn ara wa. Ohun tó yẹ kí wọ́n bi yín ni pé, "Kí lẹ ń lò nílé, wákàtí mélòó lẹ sì ń lò ó lójúmọ́?" Bí wọn kò bá bi yín, ẹ bi ara yín.

WÁÀTÌ ÀTI YÚNÍÌTÌ

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ìyàtọ̀ láàárín nǹkan méjì yìí. Wáàtì ni bí nǹkan kan ṣe ń yára jẹ iná tó. Yúníìtì ni iye iná tó ti jẹ wọlé. Yúníìtì yìí náà lẹ máa ń rà sórí mítà. Nǹkan tó ń jẹ wáàtì 1,000, bí ó bá ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan, ó ti jẹ yúníìtì kan nìyẹn. Gílóòbù wáàtì 10 á tàn fún wákàtí 100 kó tó jẹ yúníìtì kan. Kẹ́tùlù tí a fi ń se omi tíì, èyí tó jẹ́ wáàtì 2,000, ààbọ̀ wákàtí péré ló máa fi jẹ ẹ́ tán. Ẹ fi èyí sọ́kàn, òun ni ìpìlẹ̀ gbogbo ohun tí a máa sọ.

ÌWÉ ÀWỌLÉ ÀTI ÀJÁDE

Lẹ́nu iṣẹ́ wa, aláìsàn tí a bá ń fa omi sí lára, a máa ń ní ìwé kan lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. A ó máa kọ iye omi tó wọlé àti iye ìtọ̀ tó jáde. Bí a kò bá kọ ọ́, a kò ní mọ̀ bóyá omi ń gbẹ lára rẹ̀ tàbí ó ń pọ̀ jù. Bákan náà ni iná sólà rí. Páńẹ́ẹ̀lì ń mú iná wọlé, àwọn nǹkan inú ilé ń mú un jáde, bátìrì sì ni ibi tí à ń kó o sí. Àjáde ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣírò.

Ẹ mú ìwé ọmọ iléèwé kan. Ẹ lọ láti yàrá dé yàrá, kí ẹ kọ gbogbo nǹkan tó ń lo iná. Ẹ wo ẹ̀yìn tàbí ìdí rẹ̀, wọ́n máa ń kọ wáàtì rẹ̀ síbẹ̀. Ẹ wá kọ iye wákàtí tí ẹ máa ń lò ó lójúmọ́, kí ẹ fi ìkan sọ ìkejì di púpọ̀. Ẹ jẹ́ ká fi ìdílé ẹlẹ́ni márùn-ún kan tó ń gbé ilé oníyàrá méjì ní Ìbàdàn ṣe àpẹẹrẹ:

Gílóòbù LED 6, wáàtì 8 ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wákàtí 5: 240.

Fáànù 2, wáàtì 60 ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wákàtí 8: 960.

Tẹlifíṣọ̀n íǹṣì 32, wáàtì 50, wákàtí 5: 250.

Dikódà, wáàtì 15, wákàtí 5: 75.

Fóònù 4, wáàtì 10 ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wákàtí 2: 80.

Kọ̀ǹpútà alágbèéká 1, wáàtì 60, wákàtí 3: 180.

Fíríìjì kékeré onílẹ̀kùn kan, wáàtì 100: 1,000.

Ẹ ó rí i pé mi ò fi wákàtí 24 sọ wáàtì fíríìjì di púpọ̀. Ìdí ni pé kì í ṣiṣẹ́ láìdúró. Bí inú rẹ̀ bá ti tutù tó, á sinmi, bó bá tún ń lọ́wọ́ọ́rọ́, á tún bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá pa gbogbo wákàtí tó fi ṣiṣẹ́ gan-an pọ̀ lójúmọ́, ó lè tó 10, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ bí ó bá ti gbó tàbí tí rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn rẹ̀ ti jẹ. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ti yín gan-an, ẹ dúró de alẹ́ tí iná NẸ́PÀ bá wà dáadáa. Ẹ pa gbogbo nǹkan yòókù, kí ẹ fi fíríìjì nìkan sílẹ̀. Ẹ kọ nọ́ńbà orí mítà kí ẹ tó sùn, kí ẹ tún kọ ọ́ bí ẹ bá jí. Ìyàtọ̀ méjèèjì ni iye tí fíríìjì yín jẹ.

Àpapọ̀ ohun tí ìdílé yìí ń lò jẹ́ 2,785. Ẹ pín in sí 1,000, ẹ ó rí yúníìtì 2.8 lójúmọ́. Nọ́ńbà yẹn ni ẹ ó gbé lọ sí ọjà, kì í ṣe kVA.

Ẹ jọ̀wọ́, áyọ́ọ̀nù tí a fi ń lọ aṣọ kò sí nínú rẹ̀. Kẹ́tùlù kò sí níbẹ̀, hót-plééètì àti ẹ̀rọ amúlétutù kò sí níbẹ̀. Mo mọ̀ọ́mọ̀ yọ wọ́n ni. Áyọ́ọ̀nù wáàtì 1,200 tí ẹ bá fi lọ aṣọ iléèwé ọmọ mẹ́ta fún odindi wákàtí kan lè jẹ ju ohun tí fíríìjì yẹn jẹ láti àárọ̀ di àárọ̀ lọ. Gbogbo ohun tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti mú nǹkan gbóná, ọ̀jẹun ni. Gáàsì ni kí ẹ fi dáná. Áyọ́ọ̀nù, ẹ dúró de NẸ́PÀ, tàbí kí ẹ fi lọ aṣọ ní ọ̀sán gangan tí oòrùn mú, bí ìnfátà yín bá lágbára rẹ̀.

Ẹ DÍN IN KÙ KÍ Ẹ TÓ RÀ Á

Kí ẹ tó ná owó lórí bátìrì, ẹ wo ohun tí ẹ lè fi òmíràn rọ́pò. Gílóòbù aláwọ̀ pupa àtijọ́ tó jẹ́ wáàtì 60, ìmọ́lẹ̀ tí ó ń mú wá kò ju ti LED wáàtì 8 lọ. Ẹ bọ́ gbogbo rẹ̀ kúrò. Ẹ wo fáànù náà. Nínú àpẹẹrẹ wa, fáànù méjì ló kó ju ìdá kan nínú mẹ́ta ohun tí ilé ń jẹ lọ. Fáànù tuntun kan ti wà lọ́jà tí wọ́n ń kọ BLDC sí lára páálí rẹ̀, nǹkan bíi wáàtì 30 ló ń jẹ. Bí ìdílé yìí bá lo méjì irú rẹ̀, 960 á di 480, àpapọ̀ á wálẹ̀ láti 2,785 sí 2,305. Ẹ ó rí àǹfààní rẹ̀ bí a bá dé orí bátìrì.

Fíríìjì tòkunbọ̀ ńlá àti fírísà ògbólógbòó, ẹ ṣọ́ wọn. Owó tí wọ́n dín fún yín lọ́jọ́ tí ẹ rà á, ẹ ó san án padà lórí páńẹ́ẹ̀lì àti bátìrì.

PÁŃẸ́Ẹ̀LÌ MÉLÒÓ?

Ìná kì í dé ibi tó ń lọ láìdín kù. Ooru máa ń dín agbára páńẹ́ẹ̀lì kù, eruku ń dín in kù, wáyà àti ìnfátà náà ń jẹ tiwọn. Ẹ fi ìdá ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún kún ohun tí ẹ ṣírò: 2,785 á di 3,600 àti díẹ̀.

Wákàtí mélòó ni oòrùn wa fi ń ṣiṣẹ́? Lóòótọ́ ojú ọ̀run máa ń mọ́ fún wákàtí 12, ṣùgbọ́n oòrùn àárọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́ kò lágbára. Bí a bá kó gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó dà bí ìgbà tí páńẹ́ẹ̀lì ṣiṣẹ́ pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀ fún bíi wákàtí 4 lójúmọ́ ní ilẹ̀ Yorùbá. Ní oṣù keje àti oṣù kẹjọ tí ojú ọjọ́ máa ń ṣú, ó lè wálẹ̀ sí 3. Àwọn ará òkè ọya ní oòrùn jù wá lọ, nítorí náà ẹ má fi ìṣirò ẹni tó ń gbé ní Kánò ra ti Èkó. Ẹ fi 3.5 ṣírò: 3,600 tí a pín sí 3.5 jẹ́ bíi 1,030. Páńẹ́ẹ̀lì oníwáàtì 550 méjì, tó jẹ́ 1,100, á tó wọn. Nígbà òjò líle, NẸ́PÀ á ràn wọ́n lọ́wọ́ díẹ̀, tàbí kí wọ́n dín tẹlifíṣọ̀n kù. Àwọn tó lo fáànù BLDC, páńẹ́ẹ̀lì oníwáàtì 450 méjì á tó wọn.

Ẹ wọn òrùlé yín. Páńẹ́ẹ̀lì oníwáàtì 550 kan gùn ju ilẹ̀kùn yàrá lọ, kò sì fúyẹ́. Bí páànù ti jẹ tàbí igi àjà ti mu, ẹ tún un ṣe ná. Gúúsù ni kí ojú rẹ̀ kọ sí. Bí ẹ bá kọjú sí ibi tí oòrùn ti ń yọ, ọwọ́ ọ̀tún yín ni gúúsù. Kó dagun díẹ̀, bíi dìgírì 10 sí 15, kí omi òjò lè máa fọ eruku rẹ̀ dànù. Kò gbọdọ̀ sí òjìji igi máńgòrò tàbí táńkì omi aládùúgbò lórí rẹ̀, nítorí òjìji tó bo igun kan lè fa agbára gbogbo èyí tí wọ́n so pọ̀ mọ́ ọn wálẹ̀. Lásìkò ọyẹ́, ẹ máa fi omi àti aṣọ múlọ́múlọ́ nù ún ní àárọ̀ kùtù kí ó tó gbóná.

BÁTÌRÌ: OÚNJẸ ALẸ́

Ohun tí ilé ń lò láti bí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ títí di aago méje àárọ̀ ni bátìrì máa gbé. Nínú àpẹẹrẹ wa, gbogbo gílóòbù, fáànù àti tẹlifíṣọ̀n, pẹ̀lú ìdajì àti díẹ̀ nínú ti fíríìjì àti díẹ̀ fún fóònù àti kọ̀ǹpútà, ó jẹ́ bíi 2,200.

Oríṣi bátìrì méjì ló wọ́pọ̀ lọ́jà. Èkíní ni oníòjé, èyí tí wọ́n ń pè ní tubular tàbí gel. Bátìrì fóòtì 12 tó jẹ́ 200Ah ní 2,400 nínú, nítorí 12 lọ́nà 200 ni. Ṣùgbọ́n ẹ kò gbọdọ̀ lò ju ìdajì rẹ̀ lọ bí ẹ bá fẹ́ kó pẹ́. Bí ẹ bá ń fá a gbẹ lójoojúmọ́, ó lè má ju ọdún kan lọ. Nítorí náà, 2,200 yẹn pẹ̀lú ohun tí ìnfátà máa jẹ á nílò irú bátìrì yìí méjì. Èkejì ni lithium. Òun wọ́n jù lọ́jọ́ tí ẹ bá ń rà á, ṣùgbọ́n ẹ lè lo ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ láìsí ewu, ó sì lè lo ọdún mẹ́wàá bí ó bá jẹ́ ojúlówó. Fóòtì 24 tó jẹ́ 150Ah á gbé ìdílé yìí. Ẹ rántí fáànù BLDC: àwọn tó lò ó, ohun tí wọ́n nílò lóru á wálẹ̀ sí bíi 1,720, bátìrì 100Ah á sì tó wọn. Fáànù méjì péré ló dín bátìrì kù láti 150 sí 100 yẹn.

Ayédèrú pọ̀ lọ́jà o. Ojúlówó bátìrì oníòjé 200Ah máa ń wúwo ju àpò sìmẹ́ńtì lọ. Bí ọmọ ọjà bá fi ọwọ́ kan gbé e sókè, ẹ dá owó yín padà sápò.

ÌNFÁTÀ: ẸNU Ọ̀NÀ

Ibí ni wọ́n ti ń tan ọ̀pọ̀ jẹ. Àwọn èèyàn rò pé bí kVA bá ṣe tóbi tó ni iná á ṣe pẹ́ tó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìnfátà ni ẹnu ọ̀nà, bátìrì ni àká, páńẹ́ẹ̀lì sì ni oko. Ẹnu ọ̀nà tó fẹ̀ kò sọ pé iṣu wà nínú àká. Ohun tí ìnfátà ń sọ ni iye nǹkan tí ẹ lè tàn papọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ ro wáàtì gbogbo ohun tó lè máa ṣiṣẹ́ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà pọ̀. Nínú àpẹẹrẹ wa, kò ju bíi 430 lọ. Ṣùgbọ́n nǹkan tó ní mọ́tò, bíi fíríìjì àti ẹ̀rọ tó ń fa omi kànga, máa ń gba ìlọ́po mẹ́ta sí márùn-ún wáàtì rẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá tó bá ń gbéra. Ẹ fi èyí kún un, á tó bíi 830. Ìnfátà 1.5kVA tó jẹ́ ojúlówó á gbé e. Ẹni tó bá fẹ́ máa fa omi pẹ̀lú rẹ̀ nílò èyí tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó sì máa fa á lọ́sàn-án.

OHUN TÓ ṢẸLẸ̀ SÍ ÌYÁ TÍṢÀ

Ìyá kan wà ládùúgbò wa, tíṣà tó ti fẹ̀yìntì ni wọ́n, ìtọ̀ ṣúgà sì ń yọ wọ́n lẹ́nu. Wọ́n mú nínú owó ìfẹ̀yìntì wọn, wọ́n ní kí ọkùnrin kan bá àwọn ṣe sólà. Ó fún wọn ní ìnfátà ńlá 3.5kVA, bátìrì 200Ah méjì, àti páńẹ́ẹ̀lì oníwáàtì 250 méjì. Ó ní, "Màmá, ẹ lè tan gbogbo nǹkan." Ìyá tan gbogbo nǹkan lóòótọ́, fíríìjì àti fírísà ńlá tí wọ́n fi ń ta omi tútù.

Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, iná bẹ̀rẹ̀ sí í kú ní aago mẹ́ta òru. Nígbà tí mo yẹ ṣúgà wọn wò, ó ga ju bó ṣe yẹ lọ, bẹ́ẹ̀ wọ́n ń gún abẹ́rẹ́ wọn déédéé. Mo ní kí n rí oògùn náà. Ó ti ń gbóná, ó ti ń tutù, ó ti ń gbóná fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ínsúlíìnì tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ sí kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé mọ́. A jù ú nù, dókítà sì kọ òmíràn fún wọn.

A wá jókòó pẹ̀lú bírò àti ìwé. Ohun tí ilé wọn ń jẹ ju yúníìtì 4 lọ lójúmọ́. Páńẹ́ẹ̀lì wáàtì 500 kò lè mú ju bíi 1.4 wọlé lọ lẹ́yìn gbogbo àdánù. Bátìrì tí ebi ń pa lójoojúmọ́ kò lè ṣe kó má kú. Ìyá ní, "Nọ́ọ̀sì, ṣé ìnfátà yìí ló kéré ni?" Mo ní, "Rárá, Mà. Oko ló kéré, ẹnu ọ̀nà ti fẹ̀ jù." Fírísà ni a kọ́kọ́ yọ kúrò lórí sólà, ó di ti NẸ́PÀ nìkan. Wọ́n fi páńẹ́ẹ̀lì méjì kún un, wọ́n sì pààrọ̀ bátìrì nígbà tí owó dé. Iná kì í kú lóru mọ́. Owó bátìrì àkọ́kọ́ ti lọ ná.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lo ínsúlíìnì, ẹ gbọ́ èyí. Èyí tí ẹ kò tíì ṣí, àárín dìgírì 2 sí 8 ni kó wà, kò sì gbọdọ̀ di yìnyín. Ẹ má fi í sún mọ́ ibi tí yìnyín wà. Èyí tí ẹ ti ń lò lè wà níta fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin fún ọ̀pọ̀ nínú wọn bí ibẹ̀ kò bá gbóná ju dìgírì 30 lọ, ṣùgbọ́n ẹ bi apoògùn yín nípa irú tiyín. Níbi tí kò bá ti sí fíríìjì, ẹ kì í sínú ọ̀rá tí omi kò lè wọ̀, kí ẹ gbé e sínú ìkòkò amọ̀ tí ẹ rin ara rẹ̀ ní omi, ní ibi tí atẹ́gùn wà.

IBI TÍ Ẹ MÁA GBÉ E SÍ

Ẹ má gbé bátìrì oníòjé sí yàrá tí èèyàn ń sùn, ẹ má sì gbé e sí ilé ìdáná lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáàsì. Bó bá ń gba iná, ó máa ń tú afẹ́fẹ́ kan jáde tó lè gbiná, ásíìdì inú rẹ̀ sì lè fọ́ ojú ọmọdé. Ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí, tí òjò kò dé, tí ọwọ́ ọmọ kò sì tó ni kó wà. Bí ásíìdì bá ta sí ẹnikẹ́ni lára tàbí lójú, omi tó mọ́ lọ́pọ̀ yanturu ni kí ẹ máa dà sí i fún ó kéré tán ogún ìṣẹ́jú, kí ẹ tó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Kì í ṣe epo pupa.

Bí bátìrì bá kú, ẹ má tà á fún àwọn tó ń fọ́ ọ lẹ́yìnkùlé. Òjé inú rẹ̀ ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Ní ọdún 2025, gbogbo ayé gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn ará Ògíjo ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, níbi tí wọ́n ti rí òjé nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn èèyàn tó ń gbé nítòsí ibi tí wọ́n ti ń yọ́ bátìrì àlòkù. Ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á fún yín.

Ẹ rí i pé wọ́n fi bíréékà sí i, wọ́n sì ri wáyà mọ́ ilẹ̀ nítorí mànàmáná. Kí wọ́n ya wáyà àwọn nǹkan tí sólà máa gbé sọ́tọ̀, kó má baà jẹ́ pé ọmọ ọ̀dọ̀ yín kan ki áyọ́ọ̀nù bọ ojú ihò tí kò yẹ. Iná yín kò sì gbọdọ̀ padà sórí wáyà NẸ́PÀ, ó lè pa ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lórí òpó.

BÍ OWÓ KÒ BÁ TÓ

Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ẹ kò ní láti ra gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ẹ tò ó bí nọ́ọ̀sì ṣe ń to aláìsàn: èyí tó kan ẹ̀mí ni àkọ́kọ́. Iná tí ẹ fi ń ríran lóru, kí ẹ lè ju àtùpà elépo nù, nítorí ó ń jó ọmọ, èéfín rẹ̀ sì ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Lẹ́yìn náà fóònù, kí ẹ lè pe èèyàn bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn náà fáànù kan, pàápàá níbi tí ọmọ tuntun tàbí àgbàlagbà wà. Fíríìjì oògùn ló kàn, bí ilé bá ní aláìsàn tó nílò rẹ̀. Ní irú ilé bẹ́ẹ̀, ó lè ṣáájú fáànù. Tẹlifíṣọ̀n lè dúró. Bí ẹ bá fẹ́ máa fi kún un, ẹ ra ìnfátà tó ní àyè láti gba páńẹ́ẹ̀lì sí i. Ẹ̀yin ayálégbé, ẹ bá lańlọ́ọ̀dù sọ̀rọ̀ kí ẹ tó gun òrùlé rẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé pé tiyín ni, ẹ ó tú u bí ẹ bá ń lọ.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ bi ẹni tó máa ṣe é ní ìbéèrè márùn-ún yìí: Yúníìtì mélòó ni páńẹ́ẹ̀lì yìí á mú wá lójúmọ́ ní oṣù keje? Wákàtí mélòó ni bátìrì yìí á fi gbé nǹkan tí mo kọ sínú ìwé yìí lóru? Ìwé ẹ̀rí ọdún mélòó ló tẹ̀ lé e, ta ni á sì dá a lóhùn bó bá bàjẹ́? Kí ni mi ò gbọdọ̀ kì bọ̀ ọ́? Ibo lo ti ṣe irú rẹ̀ tó ti pé ọdún kan, kí n lọ wò ó? Ẹni tó mọ iṣẹ́ kò ní bínú. Ẹni tó bá ní, "Màmá, ẹ má da ara yín láàmú, ẹ kàn sanwó," ẹ kí i pé ó dàbọ̀.

Lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹnikẹ́ni tó lọ sí ọjà, ẹ mú ìwé àti bírò yẹn, kí ẹ yí ilé ká. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ bá yín ka wáàtì ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n, ìṣirò ló jẹ́ fún àwọn náà. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ẹ mọ ìwọ̀n eku yín ná. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o.